Ọ̀pá Ìwọ̀ fún Etí Òkun: Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ará wa tí ń gbé ní ẹ̀bá òkun, láti Àgbádárìgì títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni ó pa oko dídá pọ̀ mọ́ ẹja pípa. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ kò bá ì tíì tó wú, tí àgbàdo sì ń dàgbà lọ́wọ́, wọn a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun láti wá ohun tí wọn yóò fi se ọbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ọkọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ìpín nínú àwọ̀n ńlá tí ogúnlọ́gọ̀ ń fà wá sí ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi yí ojú sí ọ̀pá ìwọ̀ gígùn àti òjé, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi dúró lórí iyanrìn, kí ó sì ju ìjẹ rẹ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Iṣẹ́ náà dára, mo sì fẹ́ kí ó pọ̀ sí i láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa ń gbà ra ohun èlò rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ohun tí mo máa ń rí nìyí. Ẹni tí ó bá rí owó díẹ̀ gbà lórí èso oko rẹ̀ yóò ra ọ̀pá tí ó gùn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Yóò ra ríìlì tí ń dán jù lọ, èyí ni kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ká okùn. Owó kékeré tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò fi ra okùn, èyíkéyìí tí ó bá rí. Èrò tèmi ni pé ìdàkejì rẹ̀ ni ó tọ́. Okùn ni kí ènìyàn kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà òjé, lẹ́yìn náà ọ̀pá tí ó bá òjé náà mu. Ríìlì ni kí ó gbẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí àwọn tí ń ta ọjà, nítorí pé lórí ríìlì ni èrè wọn ti ń pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ okùn wò. Ní àtijọ́, okùn ọ̀gbọ̀ àti okùn òwú ni àwọn apẹja ń lò, bí wọn kò bá sì sá a gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, yóò jẹrà. Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́nù, láti ìgbà náà wá ni okùn ìwọ̀ ti di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹrà. Títẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń ju òjé sí ọ̀nà jíjìn. Bí òjé ti ń fò lọ ni ó ń fa okùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Okùn tí ó nípọn a máa ha ara mọ́ òrùka ọ̀pá, afẹ́fẹ́ a sì máa dì í mú, títí agbára òjé yóò fi tán lójú ọ̀nà. Fún etí òkun tiwa, okùn tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.35 mìlímítà tó, ó sì lè gbé nǹkan bí kílò 7 kí ó tó já. Mo ti rí ẹni tí ó ká okùn 0.60 mìlímítà sórí ríìlì nítorí pé ó ń retí ẹja ńlá. Ìjẹ rẹ̀ kò kọjá ibi tí ìgbì àkọ́kọ́ ń fọ́, ẹja ńlá tí ó ń retí kò sì wá bá a níbẹ̀. Ẹja tí ó wà nínú omi kì í wúwo tó bí ó ti wúwo lórí òṣùwọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, ríìlì ní ìjánu tí a lè dẹ̀, tí yóò máa tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja bá ń sá lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí okùn bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò ha ní já nígbà tí a bá fi gbogbo agbára ju òjé? Yóò já. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe mú ìwé kọ. A gbọ́dọ̀ so okùn mìíràn tí ó nípọn mọ́ iwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, èyí tí èmi yóò máa pè ní okùn iwájú. Okùn iwájú ni yóò gba ìjá-mọ́ra òjé nígbà tí a bá fi ọ̀pá fì í, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì tẹ̀lé e lẹ́yìn tí òjé bá ti lọ. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà kan tí ó rọrùn láti rántí: fún áúǹsì 1 òjé, okùn iwájú tí ó lè gbé pọ́n-ùn 10. Kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wa ṣe ìṣirò náà. Pọ́n-ùn 1 jẹ́ áúǹsì 16. Nítorí náà okùn iwájú gbọ́dọ̀ lè gbé ohun tí ó wúwo ní ìlọ́po 160 ju òjé lọ. Bí òjé bá jẹ́ gíráàmù 150, okùn iwájú kò gbọdọ̀ já títí di kílò 24. Gígùn rẹ̀ ni kí ó tó láti ká ríìlì ní ìgbà 5 tàbí 6, kí ó gun ọ̀pá dé ṣóńṣó, kí ó sì tún rọ̀ sílẹ̀ dé ibi òjé. Fún ọ̀pá tí ó jẹ́ mítà 3.6, nǹkan bí mítà 9 ni èyí. Kókó tí a fi so okùn méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè gba inú òrùka kọjá, kí a sì gé ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìṣirò mìíràn tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Bí kò bá tilẹ̀ sí afẹ́fẹ́ tí ń dí i lọ́nà, òjé tí yóò dé mítà 100 gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀pá ní ìyára tí kò dín ní nǹkan bí kílómítà 110 ní wákàtí kan. Èyí ni ìyára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí okùn bá já ní àkókò náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí òjé yóò gbà lọ. Ó lè lọ sí ọ̀tún, ó lè lọ sí òsì, ó sì lè lọ sí ẹ̀yìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ ní ìwé rí ta àgbàdo rẹ̀, ó sì kó owó náà lọ bá oníṣòwò kan ní Èkó. Ọkùnrin náà ta ọ̀pá àti ríìlì aláràbarà fún un, ó sì sọ fún un pé okùn tí ó wà lórí ríìlì náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò okùn iwájú kankan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé e dé etí òkun, ó jù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dáadáa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, okùn já. Òjé náà yà sí apá òsì, ó sì wọ inú pákó ọkọ̀ kan tí ó wà lórí iyanrìn, níbi tí ìyá kan jókòó sí tí ó ń yọ ìpẹ́ ẹja. Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ tí ó fi jìnnà sí orí ìyá náà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bá mi ní alẹ́, ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó ní, “Tíṣà, wọ́n sọ fún mi pé kò lè já.” Mo bá a ra mítà 10 okùn iwájú ní ọjà kejì, iye rẹ̀ kò sì tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan. Ìyá ẹlẹ́ja náà dárí jì í, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá ti rí i tí ó gbé ọ̀pá bọ̀, yóò kó igbá rẹ̀, yóò sì kọjá sí ẹ̀yìn igi àgbọn. Èmi kò dá a lẹ́bi.

Okùn kan tún wà tí a hun bí irun dídì, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju náílọ́nù lọ ní agbára kan náà, tí kì í sì í nà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò ń fi í ju òjé lọ sí ibi tí ó jìnnà gidigidi. Ṣùgbọ́n a máa gé ìka bí abẹ, a máa lọ́ mọ́ra wọn, ó sì wọ́n. Kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi í sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì lò, ẹ má ṣe fi àjákù rẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn: kì í jẹrà, ìjàpá òkun tí ń gòkè wá yé ẹyin ní etí òkun wa sì lè kó sínú rẹ̀.

Nípa òjé, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, nítorí pé ó kan ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń so púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ tàbí òkúta mọ́ okùn. Ìwọ̀nyí lè ṣe é nínú ọ̀sà níbi tí omi dákẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fò dáadáa. Irin tí ó wúwo bákan náà tóbi ju òjé lọ, afẹ́fẹ́ a sì máa dá a dúró. Òjé tí ó rí roboto, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi tí òkè rẹ̀ sì tín-ínrín, ni ó ń fò jù. Ní etí òkun wa, ìṣàn omi ń lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Òjé tí ó dán lásán yóò máa yí lọ nínú iyanrìn títí okùn yóò fi padà wá sí etí omi. Nítorí náà, kí ẹ wá èyí tí ó ní wáyà mẹ́rin ní ìdí rẹ̀ bí ìkọ́, tí yóò di iyanrìn mú, tí wáyà náà yóò sì ká sílẹ̀ nígbà tí a bá fà á. Ti gíráàmù 120 sí 150 ni ó yẹ.

Nítorí pé òjé wọ́n, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí ààrò tí wọ́n fi ń dáná oúnjẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo ìkòkò ọbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú èyí. Èéfín òjé àti eruku rẹ̀ jẹ́ májèlé. Kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. A máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti egungun, a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, débi pé ọmọ tí ó gbọ́n yóò di ẹni tí ìwé kò yé mọ́. Bí ó bá pọ̀ lára ọmọ, inú yóò máa run ún, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta tí ó ní wúrà nínú ní àgbàlá ilé wọn, wọn kò sì mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400. Iyanrìn àgbàlá lásán ni àwọn ọmọ náà ń fọwọ́ kàn, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ náà jẹun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1987 ni òfin ti dá títa òjé wẹ́wẹ́ ti apẹja dúró, èyí tí kò ju gíráàmù 28 lọ, nítorí pé ó ń pa àwọn ẹyẹ ńlá inú odò wọn. Bí wọ́n bá lè ṣe òfin nítorí ẹyẹ, ó yẹ kí àwa ra òjé tí a ti ṣe tán nítorí àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan òjé, ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì ṣe fi eyín pa á mọ́ okùn.

Wàyí o, ọ̀pá. Ẹ̀bùn ìwé kíkà tí a ní wúlò níhìn-ín, nítorí pé lókè ibi tí a fi ọwọ́ mú lára ọ̀pá tí ó dára ni a ti kọ ìwọ̀n òjé tí ó lè gbé. Bí a bá kọ gíráàmù 100–150 sí i, ohun tí ó túmọ̀ sí nìyẹn. Kí ẹ ka ìjẹ pẹ̀lú: òjé gíráàmù 120 àti ìjẹ gíráàmù 30 ti di 150. Ẹni tí ó bá so èyí mọ́ ọ̀pá tí a kọ 20–60 sí ń wá ọ̀nà láti ṣẹ́ ẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá so gíráàmù 40 mọ́ ọ̀pá líle tí ó wà fún 200, ọ̀pá náà kò ní tẹ̀, òjé kò sì ní lọ síbi kankan. Nítorí pé títẹ̀ ọ̀pá àti nínà rẹ̀ padà ni ó ń ta òjé jáde, bí ọrun ti ń ta ọfà. Ọ̀pá tí ó gùn tó mítà 3.6 sí 3.9 tó fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Fún ẹni kúkúrú tàbí obìnrin tí kò sanra, èyí tí ó jẹ́ mítà 3.3 yóò lọ jìnnà ju ti 4.2 lọ, nítorí pé agbára rẹ̀ yóò lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣòwò kò ní sọ èyí fún yín. Kí ẹ tó san owó, ẹ mú òwú díẹ̀ dání, ẹ fà á gba inú òrùka ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òwú bá ti kọ́, òrùka náà ti sán, yóò sì máa gé okùn yín.

Ọ̀pá tí a fi káábọ́ọ̀nù ṣe fúyẹ́, ó sì ń na ara padà kíákíá. Èyí tí a fi fáíbà ṣe wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó sì lè fara da ìlòkulò. Bí owó bá wà, káábọ́ọ̀nù ni mo fara mọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: iná mànàmáná a máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe gbé e dúró lábẹ́ wáyà iná. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí ìjì àti àrá pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, kódà ní ọ̀nà jíjìn, ẹ tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ kí ẹ sì kúrò lórí iyanrìn. Ẹni tí ó dúró ní gbalasa tí ó na ọ̀pá mítà 3.6 sókè ni ó ga jù lọ níbẹ̀.

Ríìlì kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni èyí tí àgbá rẹ̀ ń yí bí okùn ti ń jáde. George Snyder, ẹni tí ń ṣe aago ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1820. Ó dára lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n bí àgbá bá yí ju bí òjé ti ń lọ, okùn yóò di bí ìtẹ́ ẹyẹ. Èkejì ni èyí tí àgbá rẹ̀ kì í yí, tí okùn ń tú kúrò ní ẹnu rẹ̀. Alfred Illingworth, olówò aṣọ ní Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. Ẹni tí ó bá ti rí bí òwú ti ń tú kúrò lẹ́nu kẹ̀kẹ́ òwú yóò mọ ibi tí ọgbọ́n náà ti wá. Èyí ni kí olùbẹ̀rẹ̀ rà. Kí àgbá rẹ̀ lè gba mítà 250 okùn 0.35 mìlímítà, kí ẹ sì ká okùn kún un títí yóò fi ku mìlímítà 2 tàbí 3 sí ẹnu. Bí ó bá kún jù, yóò tú wúruwùru. Bí kò bá kún tó, okùn yóò máa ha ẹnu àgbá, ẹ óò sì pàdánù ọ̀pọ̀ mítà láìmọ ìdí rẹ̀. Mo ti rí ríìlì olówó gọbọi tí ríìlì aláìlórúkọ borí nítorí èyí nìkan.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà náà, mo ní ìyapa díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ wa lórí rẹ̀. Wọ́n ti rí àwọn àwòrán àwọn alárìn-ín-díje ní òkè òkun tí wọ́n ju òjé kọjá mítà 250. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí pápá oníkoríko ni àwọn náà wà, kò sí ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀ wọn. Ìjẹ rírọ̀ bí edé tàbí ẹran akàn yóò ya kúrò lẹ́nu ìwọ̀ bí a bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ jù ú, a ó sì jókòó fún wákàtí kan pẹ̀lú ìwọ̀ òfìfo nínú omi. Ẹ fi òwú rírọ̀ tín-ínrín dì í, kí ẹ sì fi ìkọ́ kékeré há ìwọ̀ mọ́ ẹ̀yìn òjé kí ó má baà máa fì nínú afẹ́fẹ́. Ìjẹ tí ó dé mítà 70 ní odindi sàn ju èyí tí ó dé 110 ní àjákù.

Ẹja pẹ̀lú kì í fi gbogbo ìgbà wà ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ lọ sí etí òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, kí ẹ sì wò ó bí ẹ ti ń wo ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ dáko sí. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi. Ibi tí omi ti dúdú tí kò sì fọ́, láàárín òkìtì náà àti ilẹ̀, ni kòtò wà. Inú kòtò yìí ni omi ń kó akàn àti edé sí, ibẹ̀ ni ẹja sì ń wá jẹun ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní alẹ́. Mítà 30 tàbí 40 lè tó láti dé ibẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ilẹ̀ tẹ́jú tí ìgbì sì ń fọ́ ní ọ̀kánkán. Ọjọ́ náà ni ẹni tí ó lè ju òjé jìnnà yóò jẹ èrè rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ láti ilẹ̀ sí òkun, yóò sì gbé òjé lọ fún yín. Ní ọ̀sán ó ń fẹ́ láti òkun wá, ó sì ń dá a padà. Àgbẹ̀ tí ó bá lọ ní agogo 5 òwúrọ̀ lè padà sí oko rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Kí àwọn tí ń fa àwọ̀n ti kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jù. Ẹ wo ẹ̀yìn yín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ̀yìn ni òjé ń gbà kọjá kí ó tó lọ sí iwájú, àwọn ọmọdé kì í sì í jìnnà sí ibi tí ẹnìkan bá ti ń pẹja. Bí ẹ bá padà dé ilé, ẹ da omi kànga tí kò ní iyọ̀ sórí ọ̀pá àti ríìlì, ẹ má ṣe rì í sínú omi, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán 1 tàbí 2 sí ibi tí ó ti ń yí. Epo pupa kò dára fún un. A máa dì, èèrà a sì máa tọ̀ ọ́ wá.